Irun Tí Mo Dì fún Fìlà Ẹ̀rọ

Iṣẹ́ irun ni mo ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ajara, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ ìlú Badagry, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń di irun níbẹ̀. Nínú gbogbo orí tó sún mọ́ mi, orí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn rí títí àìsàn fi mú un.

Ọdún mẹ́tàlá ló fi jù mí lọ. Ìyá wa kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, òun ló sì tọ́ mi. Òun ló ń wẹ̀ fún mi, òun ló ń di irun mi kí n tó lọ sílé ìwé, á sì fà á mọ́lẹ̀ débi pé agbára káká ni mo fi ń pa ojú dé. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ irun tán, mo ní kó jẹ́ kí n máa di tirẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní ẹni tí òun wẹ̀ fún ní kékeré kò lè wá máa yí òun lórí sọ́tùn-ún sósì. Fúnra rẹ̀ ló ń di irun rẹ̀, láìwo dígí, á sì fi gèlè kékeré bò ó. Bó ṣe rí nínú gbogbo nǹkan nìyẹn. Kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé ẹrù.

Topo ló ń gbé, lódìkejì ọ̀sà, níbi tó lọ́kọ sí. Apẹja ni ọkọ rẹ̀, ó sì ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn ikú ọkọ náà, kò kúrò ní erékùṣù yẹn. Ó ń gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, ó ń yan án lórí ààrò, ó sì ń kó o sọdá wá sí ọjà Badagry. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti dàgbà, wọ́n ti lọ: ọ̀kan wà ní Kútọnu, ìkejì wà ní Abuja.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ yí ẹja tó wà lórí wáyà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra. Ó rò pé bóyá òun sùn lé e lórí ni. Ó fi tòsì yí ẹja náà. Ó yí gbogbo rẹ̀ tán, ó tiẹ̀ tún ki igi bọ iná, kí obìnrin aládùúgbò rẹ̀ kan tó wọlé wá bá a sọ̀rọ̀, tó rí i pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn ló pe àwọn èèyàn. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, wọ́n sì pè mí lórí fóònù pé kí n wá pàdé wọn ní èbúté. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn gbé ọmọ. Ó sọ nǹkan kan fún mi, mi ò gbọ́ ọ. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ ohun tó ń sọ. Ó ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n kó ẹja òun kúrò lórí iná.

Rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kò dé ibì kan nínú ọpọlọ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń darí apá ọ̀tún. Ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà mo gbé e wá sílé mi. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ padà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ó ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ sísọ náà padà, ó kàn ń lọ́ra ni. Nígbà mìíràn Yorùbá á sọnù mọ́ ọn lẹ́nu, á wá parí ohun tó fẹ́ sọ ní Ègùn, èdè ìyá wa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún di ìkúùkù, kò sì ṣí mọ́. Tí mo bá fẹ́ gé èékánná rẹ̀, mo ní láti máa tú àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tú okùn tó ta kókó.

Mo ń ṣe gbogbo nǹkan fún un. Mo ń wẹ̀ fún un, mo ń wọ aṣọ fún un, mo ń yọ eegun ẹja kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, obìnrin tó ti ń bá ẹja ṣeré láti kékeré. Bí àlejò bá bi í ní ìbéèrè, èmi ni mo máa ń dáhùn, torí ó ń pẹ́ kí tirẹ̀ tó jáde. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Òun kàn máa ń wo ògiri.

Obìnrin kan wà nílé ìwòsàn tó máa ń bá a na apá, na ẹsẹ̀, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní fisió. Òun ló sọ fún wa pé àwọn olùwádìí kan láti yunifásítì gbé ẹ̀rọ tuntun kan wá sí ilé ìwòsàn mìíràn lójú ọ̀nà márosẹ̀, ní apá Morogbo, pé òun náà wà lára àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń wá àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú lọ́wọ́.

Mo ní, "Irú ẹ̀rọ wo nìyẹn?"

Ó ní, "Wọ́n á wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ Màmá bí ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n irin ni. Wọ́n á tún dé fìlà kan sí wọn lórí. Fìlà yẹn ló ń gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń sọ. Bí Màmá bá ti gbèrò láti ṣí ọwọ́ wọn, ẹ̀rọ náà á bá wọn ṣí i."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Bí mi ò bá wá gbèrò ńkọ́?"

"Kò ní ṣí, Mà. Ẹ̀yin ló ń dúró dè."

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ lọ síbi ẹ̀rọ yẹn."

Yàrá kékeré kan ni wọ́n gbé e sí, tábìlì kan, kọ̀ǹpútà méjì, àti àga kan tó ní ibi ìgbápálé. Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì. Mo ti rò pé yóò tóbi, ṣùgbọ́n kò ju apá ènìyàn lọ: àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lé ẹ̀yìn ìka, okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń dì í mọ́ ọrùn ọwọ́, wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lo awò ojú ló ń bójú tó o. Òun ni onímọ̀ ẹ̀rọ wọn. Ó kí ẹ̀gbọ́n mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Fìlà náà dà bí èyí tí àwọn òmùwẹ̀ máa ń dé, ṣùgbọ́n ó kún fún bọ́tìnnì irin kéékèèké, wáyà sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kan awọ orí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Irun ẹ̀gbọ́n mi kún, ó le, ewú ti pọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó nípọn ju ti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n dé fìlà náà, ó kàn jókòó lórí irun bí ìgbà tí wọ́n gbé igbá lé koríko. Wọ́n fi ohun kan tó yọ̀ bí ilá sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n tú u, wọ́n tún un dé. Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn àmì róbótó tó yẹ kó di àwọ̀ ewé ṣì pupa bí ata.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró, ó nu ojú. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé a lè bá yín fá irun náà? A fá ti àwọn bàbá tó wà níbí, ó sì rọrùn."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. "Mo ti fá orí mi lẹ́ẹ̀kan," ó ní. Gbogbo wa dúró dè é. "Ọkọ mi ló kú nígbà yẹn." Ó tún sinmi. "Ta ló kú báyìí?"

Mo ti ya ẹnu láti sọ pé irun á tún hù, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, mo sì pa á mọ́ra.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà rẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó dùn ún. Èmi wá ń wo fìlà tó gbé kalẹ̀ sórí tábìlì. Iṣẹ́ mi kúkú ni orí. Mo ní, "Ṣé gbogbo ibi tí bọ́tìnnì wà yìí ló gbọ́dọ̀ rí awọ orí?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fi àwòrán orí kan hàn mí lórí ìwé, tí wọ́n to àmì róbótó kéékèèké sí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù tò láti òkè etí kan gba àtàrí lọ sí òkè etí kejì.

Mo ní, "Ẹ fún mi ní ìwé yìí. Ẹ jẹ́ ká padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Ó wo fisió. Fisió ní, "Ẹ fún wọn."

Lọ́jọ́rú, mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, mo gbé àpótí sí ẹ̀yìnkùlé, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ó dúró ti ọ̀pá rẹ̀, ó wo àpótí náà.

"Ó ti dé bẹ́ẹ̀ náà," ó ní.

Ó jókòó. Mo tú gèlè rẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, èmi tí mò ń di orí mẹ́wàá lójúmọ́.

"Má fà á jù," ó ní.

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń fa tèmi?"

"Tèmi máa ń pẹ́ kó tó tú," ó ní.

Mo fi okùn wọn orí rẹ̀ láti etí dé etí, láti iwájú dé ìpàkọ́, mo sì fi tìróò sàmì síbi tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí. Lẹ́yìn náà mo fi ìlarun la orí náà, kí ojú ìlà lè gba orí àmì kọjá. Mi ò dì í láti iwájú lọ sẹ́yìn bí kọ́lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni mo dì í, mo dì í pẹlẹbẹ, mo sì jẹ́ kí ojú ìlà fẹ̀ ju bí mo ti máa ń ṣe é. Níbi tí àmì bá dá wà, mo ṣí ojú kékeré sílẹ̀ fún un láàárín irun. Ó gbà mí ju wákàtí méjì lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò yí orí rẹ̀ àfi tí mo bá ní kó yí i. Nígbà tí mo parí, mo fi òróró àgbọn pa á dáadáa, ó ń dán.

Òróró yẹn ló bà á jẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, fìlà náà jókòó bí ẹni pé orí rẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n àmì pupa kò yí padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fọwọ́ kan ojú ìlà, ó wo ìka rẹ̀.

"Kí lẹ fi pa á?"

Mo ní, "Òróró àgbọn. Ta ní í di irun tí kò ní pa á lórí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òróró ló ń dí ohùn ọpọlọ mọ́nú. A bu omi, a fi ọṣẹ fọ orí náà níbẹ̀, a nù ún, a dúró kó gbẹ. Nígbà tí wọ́n tún dé fìlà náà, àmì kan yí padà sí àwọ̀ ewé, òmíràn tẹ̀ lé e, títí tó fi ku ẹyọ kan. Fisió fi ìka tẹ ìyẹn díẹ̀, òun náà sì yí padà.

Mo rò pé ó ti parí. Kò tíì parí. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbèrò láti ṣí ọwọ́ àti ìgbà tó ń sinmi. Bí àwòrán ọwọ́ tó ṣí bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, kó gbìyànjú láti ṣí tirẹ̀; bí àwòrán náà bá lọ, kó sinmi. A lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò yé kọ̀ǹpútà náà.

"Kò rí ìyàtọ̀ kankan," ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní. "Bí Màmá ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà iṣẹ́ ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi."

Fisió ní, "Màmá, ẹ sinmi."

"Mo ti sinmi."

Èmi náà wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ronú nǹkan kan. Ẹ tú èjìká yín sílẹ̀. Ẹ mí kanlẹ̀." Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí àwòrán bá yọ, mo ń sọ pé ẹ ṣí i, ẹ ṣí i. Bó bá lọ, mo ń sọ pé ẹ sinmi.

Fisió yíjú sí mi. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bá wa jókòó síta díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní, "Wọn ò lè sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún yín. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n."

"Mo lè sọ ọ́," ẹ̀gbọ́n mi ní. Kò wo ẹ̀yìn. A gbọ́ bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tó kù. Nígbà tó yá, ó ní, "Lọ jókòó."

Mo jáde. Bẹ́ńṣì kan wà lábẹ́ igi ẹ̀bẹ̀lẹ̀bọ̀ níwájú yàrá náà, olùkọ́ àgbà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Rọpárọsẹ̀ mú olùkọ́ náà, lọ́wọ́ òsì. Ó rí ojú mi, ó ní, "Wọ́n ti lé ọmọ tèmi náà jáde rí." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mò ń ronú pé láti oṣù méje, mi ò lọ síbì kankan, mi ò bójú tó ṣọ́ọ̀bù mi bó ṣe yẹ, ẹni tí mo ṣe é fún ló wá ní kí n lọ jókòó.

Ó tó wákàtí kan kí fisió tó ṣílẹ̀kùn. Ó kàn juwọ́ sí mi ni.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ẹ̀rọ náà, ó ṣí pẹrẹsẹ. Láti oṣù méje, mi ò rí àtẹ́lẹwọ́ yẹn láìjẹ́ pé èmi ni mo fipá tú u. Ó funfun, ó rọ̀, àpá iná tó wà lára rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ti ń parẹ́. Òun náà ń wò ó.

Ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà, "Ta ló ṣí i?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Ẹ̀rọ ló ṣí i."

"Ẹ̀rọ ló gbé e, Mà. Ẹ̀yin lẹ ní kó gbé e. Bí ẹ kò bá sọ, kò lè gbé e."

Ó rò ó wò. Ó ní, "Jẹ́ kí n tún un ṣe."

Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ náà pa ọwọ́ náà dé. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀. Lóòótọ́ ló sinmi. Mi ò rí i kó sinmi bẹ́ẹ̀ rí, kí àìsàn tó dé àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán yọ. Àmì náà yí padà, irin náà dún fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà nínú yàrá kejì, àwọn ìka náà sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sọ nǹkan kan ní Ègùn, ó rọra sọ ọ́. Ìyá wa ló ń pè.

Nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí a ń padà, mo bi í pé kí ló rò tí ẹ̀rọ náà fi gbọ́. A ti kúrò nínú èrò Morogbo kó tó dáhùn.

"Nígbà tí o wà níbẹ̀," ó ní, "ojú rẹ ni mò ń wò nínú dígí kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ̀rù ń bà ọ́." Ó wá ọ̀rọ̀ tó kù rí. "Mi ò lè sinmi níbi tí ẹ̀rù ti ń ba ènìyàn nítorí mi."

Mo kọjú sí fèrèsé. Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti lọ pàdé rẹ̀ ní èbúté ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Òun nìkan ni ìyá tí mo mọ̀ dáadáa.

Láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu mi mọ́. Kò rọrùn. Bí aládùúgbò bá kí i láàárọ̀ pé ṣé ara ti le, ìdáhùn á ti dé ètè mi, màá gbé e mì. Àwọn kan ò lè dúró, wọ́n á ti kọjá lọ kó tó dáhùn. Àwọn mìíràn ń dúró. Ó wá di pé àwọn tó ń dúró bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga jókòó tì í lọ́sàn-án, ó sì ń sọ ìtàn Topo fún wọn, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo tún fi eegun ẹja sílẹ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ òsì yọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì jẹun pẹ́ ju gbogbo wa lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni a ń lọ, fún bí oṣù mẹ́ta. Mo di ẹni tí wọ́n ń retí níbẹ̀. Olùkọ́ àgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ bá di irun lábẹ́ igi ẹ̀bẹ̀lẹ̀bọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn obìnrin méjì mìíràn tí wọ́n ti fẹ́ sọ fún pé kí wọ́n fá orí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà á mú àwòrán rẹ̀ wá, á dúró tì mí, á máa wo bí mo ṣe ń la orí. Ó ní ibi tí wọ́n ti ṣe fìlà náà, wọn ò ronú kan irú irun wa. Mo ní ó ṣeé ronú kàn báyìí.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ẹ̀rọ náà ń gbọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi kò bá sùn dáadáa, tàbí tí ọmọ rẹ̀ kan bá pè é sọ ohun tó bí i nínú, ó lè jókòó síbẹ̀ tí ọwọ́ náà kò ní mira. Fisió á ní ká máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ń dá a lẹ́bi. Mo ń kọ́ ìyẹn pẹ̀lú.

Ọjọ́ tí ọwọ́ náà ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀rọ, ilé la wà. Mo ń tún irun rẹ̀ dì ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti mọ́ mi lára ní ṣọ́ọ̀bù láti na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwò, kí ẹni tó wà nítòsí gbé ìlarun lé e. Mo na ọwọ́. Ìlarun bọ́ sí i. Mo la ìlà kan, mo la ìkejì, kí n tó rántí pé àwa méjì péré la wà níbẹ̀, orí itan ọ̀tún rẹ̀, lábẹ́ ọwọ́ tí kì í ṣí, ni ìlarun náà sì wà tẹ́lẹ̀. Mo dúró. Mo wo ọwọ́ náà. Ó wà lórí itan rẹ̀, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ṣí díẹ̀ sí ara wọn, wọ́n ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní.

"Má sọ̀rọ̀," ó ní. "Máa dì í lọ."

Mo ń dì í lọ. Omi ń bọ́ lójú mi sórí irun rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí náà parí, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn padà. Wọ́n yẹ gbogbo àwọn aláìsàn wò kí wọ́n tó lọ. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lè ṣí dé ìdajì. Ó lè di ife mú bí omi inú rẹ̀ kò bá pọ̀, ó lè tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, ó lè de bọ́tìnnì ńlá. Kò lè gbé ohun tó wúwo. Fisió kò parọ́ fún wa. Ó ní ó lè dára sí i bó bá ń lò ó, ó sì lè má kọjá báyìí.

Ti olùkọ́ àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí nígbà gbogbo, ó tiẹ̀ yá ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Bí wọ́n bá ti bọ́ ẹ̀rọ náà, á padà di ìkúùkù. Lọ́jọ́ tí a pín níyà, òun ló wá ń tù mí nínú.

"Mo ti kọ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ rí," ó ní, ó sì gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀. "Ó ń gbọ́. Kì í dáhùn ni."

Mo ṣì ń lọ sílé rẹ̀ ní Badagry láti di irun rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Irú èyí tó bá wù ú ni mò ń dì.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi sọ pé òun fẹ́ padà sí Topo. Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ó bá mi lójijì. Mo ní ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní iná ni, omi ni, bó bá ṣubú ńkọ́. Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "O ti tọ́jú mi. Mo dúpẹ́." Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ṣùgbọ́n ilé mi wà lọ́hùn-ún."

Ọjọ́ tó lọ, ó kọ̀ kí wọ́n gbé òun wọ ọkọ̀ ní èbúté. Ó fi ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fi tòsì di èjìká awakọ̀ náà mú, ọ̀tún wà lára mi. Mo mọ bí ìka rẹ̀ ṣe dì mí mú, kò le, ṣùgbọ́n òun ló dì mí mú. Nígbà tó jókòó tán, ó tú ìka náà fúnra rẹ̀. Ó gbà á ní àkókò. Awakọ̀ náà dúró.

Obìnrin aládùúgbò rẹ̀ tó pe èèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n jọ ń lo ààrò báyìí. Ìyẹn ló ń gbé wáyà sórí iná, tó sì ń gbé e kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi tòsì yí ẹja, ó ń fi ọ̀tún tẹ agbọ̀n mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń tò ó. Ẹja tí wọ́n ń yan kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń jà díẹ̀ lórí bí iná ṣe yẹ kó rí, àwọn méjèèjì ló sì ti fẹjọ́ ara wọn sùn mí.

Ọkàn mi kò tíì balẹ̀ tán. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jà lórí ọ̀sà, mo máa ń pè é. Fóònù náà á dún títí, torí ọwọ́ òsì ló fi ń gbé e, ọwọ́ kan náà ló sì ń fi ṣiṣẹ́, ó ní láti kọ́kọ́ gbé ẹja sílẹ̀ kó sì nu ọwọ́. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, màá gbé e sétí, títí yóò fi sọ pé òun nìyí.